Ṣé kí n fẹjọ́ iléèwé ọmọ mi sùn ni, àbí kí n dákẹ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Kubwa là ń gbé l'Abuja níbí, ọmọbìnrin mi sì ń ṣe WAEC lọ́wọ́. Kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀, iléèwé ní ká mú ₦20,000 wá, "owó ìtọ́jú". Mo ní ìtọ́jú ta? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mi ò san án.

Lọ́jọ́ Math, tíṣà kan kọ ìdáhùn sójú pátákó. Ọmọ mi àti ẹnì kan péré tí ò sanwó, wọ́n ní kí wọ́n kọjú sógiri. Ó délé, kò jẹun. Ó ní, "Màámi, èmi tí mò ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé nígbà tí ò síná ńkọ́?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé tí àṣírí bá tú, WAEC lè dá èsì gbogbo sẹ́ńtà náà dúró, tòun tàwọn tí ò jíwèé wò. Tí mo bá sì fẹjọ́ sùn báyìí, ó ṣì ku ìwé mẹ́rin tó máa ṣe lọ́wọ́ àwọn tíṣà yìí kan náà. Òfin màgòmágó ìdánwò ti wà láti 1999, ẹ̀wọ̀n sì wà nínú ẹ̀, àmọ́ òfin kọ́ ló máa bá a jókòó ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ Ajé.

Bàbá ẹ̀ ní ká dákẹ́ (ó tiẹ̀ ní ǹ bá ti sanwó kí n sinmi). Ta ló ti fẹjọ́ irú èyí sùn rí tí wọn ò mọ ọmọ ẹ̀? Àbí kí n tètè forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún GCE?