Lésà: ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí yóò máa darí rẹ̀

Láti Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Àbúrò wa tó bèèrè ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ rà bó bá fẹ́ máa lo lésà, ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yàwòrán sára ògiri níbi ayẹyẹ, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Lésà tí mo kọ́kọ́ rà, kò sí ibi tí a ti lè ki wáyà ILDA, èyí tó ń gbé àwòrán wá sínú lésà, bọ̀ ọ́ lẹ́yìn. DMX, ìlànà tí wọ́n fi ń darí iná orí ìtàgé, nìkan ló gbà. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sí ohun tí n kò lè fi kọ. Mo fẹ́ fi orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi hàn lára ògiri lọ́jọ́ ìkómọjáde. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ọ̀nà. Lára irú lésà bẹ́ẹ̀, DMX kì í yàwòrán. Àwòrán tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ ló máa ń pè jáde, òdodo, ìràwọ̀, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kó ọmọ jáde tán, ìràwọ̀ là ń wò. Ó dùn mí gan-an.

Èkejì ní ILDA, èyí tó ní ẹsẹ̀ 25. Owó ti tán lọ́wọ́ mi, mo bá ní kí n fi sound card, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde láti inú kọ̀ǹpútà, darí rẹ̀, torí mo ti kà pé àwọn kan ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó ya róbótó fún mi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé róbótó náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò rọra yọ́ padà sí àárín. Kápásítọ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde ló fà á: kì í jẹ́ kí iná tó dúró lójú kan kọjá. Orin kò nílò irú iná bẹ́ẹ̀, àmọ́ dígí kékeré méjì tó ń tọ́ ìmọ́lẹ̀ nílò rẹ̀ kí wọ́n tó lè dúró síbi tí a bá gbé wọn sí. Àfi kéèyàn tú sound card náà, kó la ọ̀nà míì fún iná gba ẹ̀gbẹ́ kápásítọ̀. Ọ̀nà méjì péré ni tèmi tún ní. X, tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, gba ọ̀kan, Y, tó ń gbé e lọ sókè sísàlẹ̀, gba ọ̀kan, kò wá ku èyí tí yóò máa tan àwọ̀ kó sì máa pa á. Gbogbo ìlà tó so lẹ́tà kan mọ́ èkejì ló ń hàn.

Helios, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ àwòrán inú kọ̀ǹpútà di iná tí wáyà ILDA ń gbé, ni mo padà rà. USB ló ń lò, LaserShowGen, sọ́fítíwíà tí mo fi ń yàwòrán, sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni eré. 20,000 kókó, ìyẹn àmì ìmọ́lẹ̀ tó ń para pọ̀ di àwòrán, ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni agbára dígí tèmi, mo gbé sọ́fítíwíà sí 30,000. Dígí bẹ̀rẹ̀ sí í han fíí, ó gbóná. Ẹ lo àwòrán ìdánwò ILDA: róbótó inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú igun mẹ́rin, kó kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí kò bá kàn án, eré ti pọ̀ jù.

Láti London

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Sọ́fítíwíà ni èmi kọ́kọ́ yàn. QuickShow wù mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ Pangolin, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ló ń bá ṣiṣẹ́, bíi FB4, owó tí mo ní kò sì ká a. Ether Dream, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Helios ń ṣe, ni mo mú. Òkè gbọ̀ngàn ni lésà mi máa ń wà, wáyà USB lásán kò sì yẹ kó ju mítà 5 lọ. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni Ether Dream ń lò, ó sì ń fi kókó pamọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí àwòrán má baà máa já.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Láptọ́ọ̀pù mi dákú níbi tí a ti ń dán lésà wò, ìmọ́lẹ̀ náà dúró gbọn-in sójú kan lára kọ́tìnì. Lésà tèmi ju 500 mW lọ, ipele kẹrin, èyí tó léwu jù, ni wọ́n ń kà á sí. Kí n tó fa wáyà iná yọ, kọ́tìnì ti ń rú èéfín. Ká ní ojú èèyàn ni ńkọ́?

Lára wáyà ILDA, ẹsẹ̀ 4 àti 17 ló wà fún ààbò: bí ẹ bá ya méjèèjì síra, lésà tó bá tẹ̀ lé ìlànà á kú. Mo ra bọ́tìnì pupa kan, mo fi í sáàárín wọn. Etí tábìlì ni mo so ó mọ́, ọwọ́ òsì mi kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ tí lésà bá ti tàn.