Ọmọ tí ó dé láìsí òbí: kí ni kí n ṣe kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ní Àgbádárìgì?

Ìyá Olùkọ́ Àjàrà:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ará. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí ọmọdékùnrin kan ti wà lọ́dọ̀ mi ní Àjàrà; ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni òun. Àwọn ìyá tí wọ́n ń ná ọjà Kútọnu rí i níbi tí ó ń sùn ní gáréèjì Sẹ̀mẹ̀, wọ́n sì mú un wá bá mi nítorí pé mo gbọ́ Faransé díẹ̀. Apá ìlà-oòrùn Burkina Faso ni ilé wọn wà. Àwọn agbébọn ya wọ abúlé wọn lóru, oníkálukú sì sá gba ọ̀nà tirẹ̀. Òun tẹ̀ lé àwọn darandaran wọ àríwá Benin, kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó gbé e dé etí òkun. Kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ wà.

Ọmọ náà kì í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé kì í sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó sì máa ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ẹní. Aládùúgbò kan ní kí n fi orúkọ ọkọ mi mú un wọ iléèwé, kí wọ́n má baà béèrè ìwé. Olùṣọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ kí ó jáde jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹlòmíràn sì ní bí mo bá fi tó ìjọba létí, wọn yóò dá a padà. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n ṣe?

Lọ́yà Ìkòròdú:
Ẹ kú inúure, Màmá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kẹrin bá a nílé yín láìjẹ́ pé ìjọba mọ̀. Mo mọ̀ pé ojú àánú ni ẹ fi gbà á, ṣùgbọ́n ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ yẹn ni àwọn tí ń fi ọmọ ṣòwò ń gbà, bí ẹnìkan bá sì yọjú lọ́la pé òun ni àbúrò bàbá rẹ̀, kò sí ìwé kankan tí ẹ ó fi dá a dúró. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Wẹ́fíà, ìyẹn ti ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì pinnu ibi tí yóò máa gbé. Ẹ sọ fún wọn pé ogunléndé ni, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó àwọn ogunléndé. UNHCR, àjọ ogunléndé ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, náà wà ní Nàìjíríà.

Ní ti dídá a padà, àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1951 lórí ogunléndé, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, kà á léèwọ̀ láti dá ènìyàn padà síbi tí ẹ̀mí rẹ̀ ti wà nínú ewu; èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ṣe ní 1969 sì nasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ogun tàbí rúkèrúdò lé kúrò nílé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ yín bo tirẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń wá a láti ilé, orúkọ yẹn ni wọn yóò fi dá a mọ̀. Ẹ má fi àwòrán rẹ̀ sórí Facebook, ẹ má sì mú un lọ bá aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀, nítorí a kò mọ etí ta ni ọ̀rọ̀ náà yóò dé.

Ọmọ Jẹ́gbà ní Kent:
Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Etíkun Kent, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé tí a ti ń tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ wa níbí, òfin ọmọdé ti 1989 gbé ẹrù wọn lé ìjọba ìbílẹ̀ lórí, bí wọ́n bá sì pé ọdún 18, ìjọba kì í yọwọ́ pátápátá. Àwọn mìíràn ń rí ìrànwọ́ gbà títí di ọdún 25. Síbẹ̀, owó àti òfin kọ́ ni mo rí tí ó ń mú ọkàn wọn balẹ̀. Àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yẹ̀ ni, ẹni tí ó bá ní òun yóò dé ní aago mẹ́rin, tí ó sì dé ní aago mẹ́rin.

Ẹ má kó búrẹ́dì yẹn. Ẹ fún un ní agolo tí ó ní ìdérí, kí ẹ máa fi oúnjẹ díẹ̀ sínú rẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ọmọ Sudan kan tí mo tọ́jú lo tirẹ̀ fún oṣù márùn-ún, kí òun fúnra rẹ̀ tó gbé e padà sí ilé ìdáná. Ẹ tan iná kékeré sílẹ̀ lóru, ẹ má sì jí i lójijì.

Nípa ìjẹ́rìí, rárá o. Ìtàn yẹn ni ọmọ náà yóò sọ níwájú àwọn tí yóò pinnu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ó bá ti rò ó níbi mẹ́wàá pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ọjọ́ àti orúkọ ìlú yóò máa yí padà lẹ́nu rẹ̀, àwọn tí ń gbọ́ ọ yóò sì ní irọ́ ni ó ń pa. Mo ti rí i kí àwọn àgbàlagbà máa bá ọmọ jiyàn ọjọ́ orí, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ rí. Kí ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan fún ẹni tí ó yẹ, pẹ̀lú ògbufọ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Bàbá Ẹ̀pẹ́:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí ogun Liberia lé àwọn ènìyàn dé àgọ́ Orù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nínú àwọn ọdún 1990, mo máa ń gbé ẹja láti Ẹ̀pẹ́ lọ tà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n rí ẹgbẹ́ wọn bá gbá bọ́ọ̀lù ni mo rí tí ojú wọn tètè tún là. Ẹ tún wo ti oúnjẹ. Tô ni wọ́n ń jẹ ní Burkina, ìyẹ̀fun ọkà bàbà tàbí àgbàdo tí wọ́n rò, tí wọ́n fi ọbẹ̀ ilá tàbí ti ewé oṣè jẹ. Túwó àwọn Hausa kò jìnnà sí i. Ẹ wá obìnrin Hausa kan lọ́jà kí ó sè é fún un.

Ìyá Olùkọ́ Àjàrà:
Ọlọ́run yóò san án fún gbogbo yín. Mo lọ sí Wẹ́fíà lánàá. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ bí ó ṣe pè é, wọ́n ní kí ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi títí wọn yóò fi wá bẹ ilé mi wò, wọ́n sì fi mí mọ òṣìṣẹ́ Red Cross kan tí ń bá àwọn ènìyàn wá ẹbí wọn tí ó sọnù. Mo ti sọ fún olùṣọ́ wa pé ọmọ náà kò ní jẹ́rìí. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n ó gbà. Agolo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ẹni tí ó gbọ́ Gourmanchéma, èdè ìbílẹ̀ ọmọ náà, ni mo ń wá báyìí, nítorí Faransé ọmọ náà kò ju tèmi lọ, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kò sì ṣeé fi Faransé àbọ̀ béèrè. Bí ẹ bá mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ láti Àgbádárìgì títí dé Sẹ̀mẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi.