Àbọ̀ lórí ọlidé àwọn ọmọ mi n'Íbàdàn

Ẹ kú àdúrótì o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo bèèrè ibi tí mo lè kó ọmọ mẹ́ta lọ n'Íbàdàn nínú ọlidé gígùn yìí láìná owó púpọ̀. Mo wá jábọ̀.

Ilé-ìṣọ́ Bower lórí Òkè Àárẹ̀ ló borí gbogbo rẹ̀. Láti 1936 ló ti wà níbẹ̀, èmi ọmọ Ìbàdàn ò sì gùn ún rí! Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àkọ́bí mi ń kà á bó ṣe ń gùn ún, ó pé 47. Nígbà tá a dé òkè, òrùlé páànù tó ti pọ́n ló lọ rẹrẹ níwájú wa. Àbíkẹ́yìn mi di aṣọ mi mú: "Mọ́mì, ilé wa dà?" A wá a títí.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì náà dùn mọ́ wọn, àmọ́ ẹ gbé omi àti oúnjẹ láti ilé. Lọ́jọ́ tí òjò ò jẹ́ ká jáde, ọpọ́n ayò àti àgbàdo sísun pẹ̀lú àgbọn ló gbà wá.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn, ẹ ṣeun gan-an. Ọwọ́ mi ti ba ohun tí mò ń wá. Lọ́jọ́ Ẹtì a tún ń padà sí Òkè Àárẹ̀. Wọ́n láwọn fẹ́ wá ilé ìyá àgbà.