"Functional" yẹn kì í ṣe "tó ń ṣiṣẹ́" o

Ẹ kú òwúrọ̀ o, gbogbo ọmọ Òròkí tó wà níbí, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ Òròkí náà. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ látìgbà tí àbúrò wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ọláìyá ti béèrè, mo kàn dákẹ́ ni, mo ní káwọn àgbà sọ̀rọ̀ ná. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, ìbéèrè ẹ̀ ni pé kí lòun máa pe "functional package manager" fáwọn ọmọṣẹ́ òun lédè Yorùbá, ìyẹn irú èyí tí Guix àti Nix jẹ́. "Package manager" ni sọ́fítíwíà tó ń bá wa fi àwọn sọ́fítíwíà míì sórí kọ̀ǹpútà, tó ń sọ wọ́n di tuntun, tó sì ń yọ wọ́n kúrò. Ẹ̀gbọ́n wa l'Ókè-Fíà ní kó pè é ní "alámòójútó ìdì tó ń ṣiṣẹ́". Àǹtí wa tí wọ́n jẹ́ tíṣà Yorùbá ní "àgbìnká" ni kó dúró fún "functional", torí ohun téèyàn bá gbìn ló máa ká. Ẹnì kan tún ní ká kúkú kọ "fọ́ńṣọ́nà" ká lọ sùn jàre.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ "tó ń ṣiṣẹ́" ò lè lọ. Tá a bá pe ọ̀kan ní èyí tó ń ṣiṣẹ́, a ti bú àwọn tó kù nìyẹn, apt tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí Linux bíi Debian àti Ubuntu látọjọ́ yìí ńkọ́, ṣé eré lòun ń ṣe ni? Inú ìṣirò ni "functional" yẹn ti wá. F(x) tí tíṣà máa ń kọ sójú pátákó ni: tó o bá fún un ní 3 lónìí tó fún ẹ ní 9, tó o bá tún fún un ní 3 lọ́dún tó ń bọ̀, 9 náà ló gbọ́dọ̀ fún ẹ, kò ní béèrè pé ọjọ́ wo lòní, kò sì ní yọ́ kẹ́lẹ́ lọ tún nǹkan míì ṣe lẹ́yìn ẹ. Eelco Dolstra tó ṣe Nix ló mú èrò yìí lọ sídìí bá a ṣe ń fi sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà, ó kọ ìwé ìwádìí dókítà ẹ̀ lé e lórí ní yunifásítì Utrecht ní Netherlands lọ́dún 2006. Guix dé ní 2012, Ludovic Courtès ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lábẹ́ GNU, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà tẹ́nikẹ́ni lè lò kó sì tún ṣe, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, Scheme, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, ni wọ́n fi ń kọ tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bíi "gíìkìsì" la ṣe ń pè é o, mo gbọ́ tẹ́nì kan ń pè é ní "gúísì" níbì kan, ara mi bù máṣọ.

Ìdì náà tún ní wàhálà tiẹ̀. Lóòótọ́, ìdì ni nǹkan tá a dì, kò sí àṣìṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ tó bá wà lórí fóònù? Àbúrò wa máa kọ "alamojuto idi" ránṣẹ́ sáwọn ọmọṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fojú inú wo ẹ̀rín tí wọ́n máa rín ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn. Ẹ jẹ́ ká fi ẹrù ṣe é. Ẹrù ni ẹrù máa jẹ́.

Ó wá ku "àgbìnká", òun gan-an ló jẹ́ kí n jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, torí ó dùn lẹ́nu, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a mu. Ẹ wo bí Guix ṣe ń ṣe é. Tó bá fẹ́ ṣe ẹrù kan, ó máa kó gbogbo ohun tó ń wọlé síbẹ̀ jọ, kóòdù tí wọ́n kọ, kọ̀ǹpáílà tó máa sọ kóòdù di ohun tí kọ̀ǹpútà lè lò, láíbìrì, ìyẹn kóòdù táwọn míì ti kọ sílẹ̀ tó nílò, títí dé àṣẹ tí wọ́n máa tẹ̀ lé ìkọ̀ọ̀kan, ó máa wá ṣírò gbogbo ẹ̀ di lẹ́tà àti nọ́ńbà 32 tó rí rúdurùdu, òun ló máa fi ṣe orúkọ. Ẹ bá a níbi ìkẹ́rùsí ẹ̀, /gnu/store/, lẹ́yìn náà rúdurùdu 32 yẹn, lẹ́yìn náà -hello-2.12.1, hello ni orúkọ ẹrù, 2.12.1 ni nọ́ńbà ẹ̀dà ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí ẹyọ ohun kan péré padà nínú ohun tó wọlé, orúkọ ẹ̀ yí padà nìyẹn, kódà tó bá jẹ́ pé 2.12.1 náà ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé tí wọ́n bá fọwọ́ kan ohun tó wà nísàlẹ̀ pátápátá bíi glibc, láíbìrì tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà dúró lé, gbogbo ohun tó dúró lé e lórí ló máa gba orúkọ tuntun.

Oko wá ńkọ́? Àǹtí, ẹ̀yin àti èmi la jọ mọ̀ pé àgbàdo kan náà tá a gbìn lọ́dún tó kọjá tá a tún gbìn lọ́dún yìí lè má so bákan náà, òjò lè máà rọ̀, ewúrẹ́ lè wọlé, ilẹ̀ lè ti ṣá. Òjò yẹn gan-an ni Guix ò fẹ́ kó rọ̀. Inú yàrá tí wọ́n tì pa ló ti ń ṣe ẹrù, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kò lè rí fáìlì kankan lórí kọ̀ǹpútà yín àyàfi èyí tí wọ́n dárúkọ fún un, ohun tẹ́ ẹ ti ṣètò sára kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ ò ní dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, déètì pàápàá, gbogbo fáìlì tó bá wọ ibi ìkẹ́rùsí yẹn, ìṣẹ́jú àáyá kan wọ January 1, 1970 ni wọ́n máa kọ sí i lára. Wọ́n ń lé ojú ọjọ́ síta ni. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá sọ pé àgbìnká, ọmọ tí bàbá ẹ̀ ń dáko máa rò pé ó lè rí báyìí, ó lè rí bọ́hùn-ún, òdì kejì ohun tá a fẹ́ kó mọ̀ ni.

Mi ò ní purọ́ ṣá, wọn ò tíì lé òjò náà lọ tán. Àwọn ẹrù kan ṣì wà tó jẹ́ pé tí kọ̀ǹpútà méjì bá ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọn ò ní bára mu délẹ̀, àṣẹ kan tiẹ̀ wà tó ń jẹ́ guix challenge, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ ni kó fi tiyín wé èyí tí wọ́n ti ṣe sórí àwọn sáfà, kó sọ èyí tó yàtọ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé "àgbìnká" lè dúró fún fọ́ńṣọ̀n orí ìwé, òjò kì í rọ̀ lórí ìwé. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọmọ ní f(x), ẹ lò ó, ó dáa gan-an.

Ohun tí mo fẹ́ mú wá fún kinní yìí fúnra ẹ̀ ni "akẹ́rùmáparẹ́". Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn tó pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì ò béèrè pé kí ni ìtumọ̀ "radio", wọ́n wò ó pé kí ni kinní yìí ń ṣe tó yà wá lẹ́nu, ó ń sọ̀rọ̀, kò sì gba èsì, ó tán. Kí wá ni ti Guix àti Nix tó yani lẹ́nu? Ó ń kó ẹrù tuntun wọlé, kò sì pa tijọ́ rẹ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa sọ pé mo ti ju "functional" nù, àmọ́ mi ò jù ú nù, torí pé ohun tó wọlé ló ń sọ orúkọ, tuntun ò lè jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú tijọ́, tí wọn ò bá jẹ́ orúkọ kan náà wọn ò lè já lé ara wọn lórí, torí ìdí yìí ni tijọ́ ò ṣe parẹ́.

Àbúrò wa fúnra ẹ̀ ló sọ èyí tó jẹ́ kó yé mi dáadáa. Lápútọ́ọ̀pù oníbàárà kan tí bátìrì ẹ̀ ti kú, ó ń ṣe àpudéètì lọ́wọ́, apá kan ti di tuntun, apá kan ṣì jẹ́ tàtijọ́, ni wọ́n bá mú iná lọ. Kó tó ráyè tan jẹnẹrétọ̀, ó ti bàjẹ́, nígbà tó tún tàn án ojú dúdú ló ń wò, oníbàárà dúró tì í, ó ń wo aago. Ká ní Guix ló wà lórí ẹ̀ ni, gbogbo tuntun yẹn, ẹ̀gbẹ́ tijọ́ ló máa kó wọn sí, ìgbà tó bá kó o délẹ̀ tán ló máa yí ẹyọ líǹkì kan ṣoṣo láti ara tijọ́ sára tuntun. Tí iná bá lọ kó tó yí i, tijọ́ wà ńbẹ̀ digbí.

Ẹ̀ẹ̀kan tó bá yí i ni wọ́n ń pè ní "generation", ibí yìí ni mi ò tiẹ̀ rí ìjà kankan, ìran ni, ìran kìíní, ìran kejì, bó ṣe ń lọ nìyẹn. Tí ìran tuntun bá ń ṣe wèrè, guix package --roll-back, ẹ ti padà sí ìran tó ṣáájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Guix lódindi lẹ fi ń darí kọ̀ǹpútà, àwọn ìran àtẹ̀yìnwá máa tò sílẹ̀ fún yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń tàn án, ẹ máa mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Ibi ìkẹ́rùsí, mo fara mọ́ àká tẹ́nì kan mú wá. Wọ́n ní inú àká èèyàn lè bu nǹkan kúrò, ti Guix ò sì ṣeé bù, ohun tó bá ti wọbẹ̀ kíkà nìkan ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ tún un kọ. Ó dáa, àmọ́ ó kúrú, gbogbo èèyàn ló sì mọ̀ ọ́n. Àká máa ń kún o, tijọ́ tí kì í parẹ́ ló ń jẹ ààyè, ẹni tó bá ní hard disk kékeré máa mọ̀ ọ́n lára kíákíá, guix gc ló ń gbá a, ohun tí ìran kankan ò bá lò mọ́ nìkan ló ń kó. Kólẹ̀kólẹ̀ ni kó jẹ́, mi ò ní jiyàn lórí ìyẹn. Èyí tí wọ́n ti ṣe sórí sáfà kalẹ̀, téèyàn kàn ń wà wá láì fúnra ẹ̀ ṣe é, tí wọ́n ń pè ní "substitute", ẹ jẹ́ ká pè é ní arọ́pò.

Ọ̀kan tún wà tí mo rí lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kan, "sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́". Rárá o. Èdè Òyìnbó ló kó ọ̀fẹ́ àti òmìnira sẹ́nu ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ló wá di pé látìgbà tí Richard Stallman ti kéde GNU ní 1983 ni wọ́n ti ń ṣàlàyé ẹ̀, tiwa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀, kí la wá ń wá lọ síbẹ̀? Sọ́fítíwíà olómìnira ni, pé kó o lè lò ó bó o ṣe fẹ́, kó o wò ó kó o tún un ṣe, kó o pín in, kó o sì pín èyí tó o tún ṣe, owó lè wọ̀ ọ́. Àbúrò gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn fáwọn ọmọṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí Guix ò gba ohun tí kì í ṣe olómìnira sínú tiẹ̀, Linux-libre ló ń lò, ìyẹn Linux tí wọ́n ti yọ ohun tí kì í ṣe olómìnira kúrò nínú ẹ̀, káàdì Wi-Fi àwọn lápútọ́ọ̀pù kan ò ní ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, wọ́n máa rò pé àwọn ló bà á jẹ́. Kó ra Wi-Fi oní-USB tó bá a mu sílẹ̀.

Ó wá ku "derivation", fáìlì tí orúkọ ẹ̀ ń parí sí .drv, èyí tí wọ́n ń kọ gbogbo ohun tó máa wọlé àti àṣẹ tó máa ṣe ẹrù sí, kí wọ́n tó ṣe é rárá. Mo rò ó sí "ìwé àṣẹ", àmọ́ ó dà bí èyí tí ìjọba ń fúnni. "Ìlànà" nìkan ti fẹ̀ jù. Àǹtí, ọwọ́ yín ni mo fi èyí sí.