Báwo ni kí n ṣe to ìtàn ẹbí Elizabeth de Clare?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Mò ń kọ ìtàn Elizabeth de Clare (1295–1360) fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń ka Yorùbá. Ọmọ-ọmọ Ọba Edward Kìn-ín-ní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun náà ló sì fi dúkìá rẹ̀ gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì Clare ní Cambridge ró. Nígbà tí Gilbert, arákùnrin rẹ̀, kú sójú ogun Bannockburn ní 1314 láìfi ọmọ sáyé, ogún bọ́ sọ́wọ́ òun àti Eleanor àti Margaret, àwọn arábìnrin rẹ̀. Ọkọ mẹ́ta ló fẹ́, ikú sì mú gbogbo wọn kí òun tó pé ọgbọ̀n ọdún. Ikú ti mú èkejì kí wọ́n tó bí Isabel, ọmọ rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù ni pé Hugh Despenser, ọkọ Eleanor, ló lo agbára láti gba ilẹ̀ Usk ní Wales lọ́wọ́ Elizabeth ní 1322, ọdún tí ọkọ kẹta kú gan-an.

Mo ti to ìtàn náà tẹ̀ lé àwọn ọkọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ogún fara sin. Mo tún fi ogún ṣáájú, àwọn ọmọ ò wá hàn mọ́. Èwo nínú méjèèjì ni yóò tètè yé ọ̀dọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Mo dúpẹ́ ṣáájú.