Kí ló ń jẹ òpó kọnkéré tó wà nínú omi iyọ̀?

Bíríkìlà Ọ̀bà-Ilé: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Akúrẹ́. Wọ́n pè mí wá wo àwọn òpó ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ lọ́nà Ìlàjẹ. Ibi tí omi ń gà tó tún ń fà, ìkarahun kéékèèké ti lẹ̀ mọ́ ọn gbá, àmọ́ nísàlẹ̀ lókè ẹrẹ̀ díẹ̀, mo fi hámà kàn án báyìí ló bá ń ya bọ́, ó funfun, ó rọ̀, ẹrẹ̀ yẹn sì ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Oníṣẹ́ ní ká ha gbogbo ìkarahun yẹn dànù ká rẹ́ ẹ. Ṣé àwọn ló ń jẹ ẹ́ ni?

Àbúrò Alágbàkà: Bọ̀ọ̀dá, òórùn yẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé o. Sọ́fétì, irú iyọ̀ kan tó ní imí ọjọ́ nínú, tó wà nínú omi òkun tó gíráàmù 2.7 nínú lítà kan, bakitéríà tó wà nínú ẹrẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé ń lò ó dípò afẹ́fẹ́, gáàsì tó ń rùn yẹn ni wọ́n ń tú jáde, tó bá wá gòkè débi tó lọ́rinrin tí afẹ́fẹ́ wà, bakitéríà mìíràn á sọ ọ́ di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì mọ́tò gan-an. Kọnkéré tuntun, pH ẹ̀ (ìwọ̀n ásíìdì, bó bá ṣe kéré sí ni ásíìdì ṣe pọ̀ sí) ń lọ sí 12, 13, wọn ò lè gbé ibẹ̀, àmọ́ tó bá fi máa wálẹ̀ sí bíi 9, wọ́n ti ráyè. Ásíìdì yẹn á sọ sìmẹ́ǹtì di jípsọ̀mù, nǹkan funfun tó rọ̀, ó sì jọ pé òun lẹ rí yẹn. Láti 1945 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Parker ti rí irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ lára kọnkéré ojú ọ̀nà omi ìdọ̀tí ní Melbourne, ní Ọsirélíà.

Ìyá Sáìtì: Òótọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha ìkarahun yẹn o! Èyí tó kàn lẹ̀ mọ́ ara lásán máa ń dí ojú kọnkéré, iyọ̀ ò ní tètè wọlé bá irin. Àwọn tó ń lu ihò ló burú, wọ́n sì fẹ́ràn òkúta ẹfun, gíránáìtì tiwa l'Ákúrẹ́ le fún wọn. Ẹ gé gbogbo ibi tó rọ̀ dànù títí ẹ ó fi kan èyí tó le, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá irin ti dógùn-ún, pàápàá níbi tí omi ń gà tó ń fà, torí ibẹ̀ ni iyọ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé. Tẹ́ ẹ bá tún pò ó, omi ò gbọdọ̀ ju lítà 20 lọ fún àpò sìmẹ́ǹtì kan, kí kọnkéré tó bo irin sì tó mílímítà 50, kódà 75 dáa jù.

Bíríkìlà Ọ̀bà-Ilé: Ẹ ṣé gan-an ni mà. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi pò ó o, mo rí i níbi tó ya bọ́. Ihò wà lára ẹ̀ náà, mo rò pé afẹ́fẹ́ ló há sínú ẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dà á.

Ìyá Sáìtì: Ẹ ti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ihò yẹn. Tó bá jìn tó sì yípo dáadáa, ẹ la òkúta ẹ̀, ẹ máa bá ìkarahun tó ń lu ihò yẹn nínú ẹ̀.