Ṣé kí ẹ̀gbọ́n mi máa lo fítámì kí wọ́n tó bá wọn fọ́ òkúta kíndìnrín?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkẹ́rẹ́ ní òkúta nínú kíndìnrín, dókítà ní àwọn ò ní fi ọ̀bẹ kàn wọ́n, shock wave, ìyẹn ìgbì alágbára, làwọn máa fi fọ́ ọ láti ìta, èyí tí wọ́n ti ń ṣe ní Jámánì láti 1980. Inú wa dùn, àmọ́ mo wá kà á pé ìgbì yẹn máa ń ṣe sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí òkúta náà léṣe, free radicals, ìyẹn àwọn èròjà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, á pọ̀ níbẹ̀, pé antioxidant, ìyẹn èròjà tó ń gbógun ti free radicals, bíi fítámì E àti C lè dín in kù. Ni ìyàwó wọn bá lọ ra fítámì C alágbára, ẹ̀gbọ́n mi wá ń jẹ ẹ́ láràárọ̀ bíi súwíìtì. Ẹ̀rù ń bà mí o, torí tó bá pọ̀ jù lára, oxalate ló ń dà nínú ìtọ̀, oxalate yìí náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ òkúta kíndìnrín! Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ṣé kí wọ́n dá a dúró ni, àbí ọsàn àti ẹ̀fọ́ ti tó? Aspirin tí wọ́n ń lò ńkọ́, ṣebí ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà, ìgbà wo ló yẹ kí wọ́n ti fi í sílẹ̀?